Ẹni Tó Ń Gbọn Ìrì Lọ́nà Oko Ajue

Ìrì ní òórùn tirẹ̀. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú àwa méjèèjì. Ó ní omi lásán ni ìrì, omi kò sì ní òórùn. Ó ní ewé, ilẹ̀ àti kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni imú mi ń gbọ́, mo kàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní ìrì ni. Ó ṣeé ṣe kó jàre. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọyẹ́ kan wà ní Ajue, nígbà tí mi ò tíì ga tó koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí òtútù mú mi láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé ẹnu, tí òórùn tútù kan, bíi ti ìkòkò amọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn omi sí, kún imú mi. Láti ọjọ́ náà, ibi yòówù kí n ti gbọ́ òórùn yẹn, ara mi á ṣe bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n bọ́ síwájú.

Mo tún gbọ́ ọ láàárọ̀ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ìlú Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí tí ọ̀nà pupa tó lọ sí apá Omifunfun ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ kan, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ṣì ń wáṣẹ́, máa ń kóra jọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti fẹsẹ̀ rìn nínú igbó tàbí láti gun òkè. Háíkìn ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ háíkìn, ó ní kí n ṣàlàyé. Mo ní a máa wọ bàtà tó nípọn, a máa gbé omi àti oúnjẹ dání, a máa rìn wọnú igbó, a máa padà.

"Kí lẹ fẹ́ẹ́ lọ kó níbẹ̀?"

Mo ní a ò lọ kó nǹkan kan.

Ó wò mí títí, ó wá ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Kí a tó gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà, Dọ̀tun, ọmọ Àkúrẹ́ tó máa ń ṣètò ìrìn wa, ní kí a dúró yí ká. Ó ní kí oníkálùkù sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá, àti ìgbà àkọ́kọ́ tó rántí pé òun fẹsẹ̀ òun rìn wọnú igbó. Òun ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní àpáta kan wà lẹ́yìn ilé ìwé àwọn, àwọn sì máa ń gùn ún nígbà tó bá yẹ kí àwọn wà ní kíláàsì. Ọ̀gá wọn kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti gun àpáta. Ńṣe ló máa ń dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú pàṣán, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti sọ̀ kalẹ̀.

Síkírù tẹ̀ lé e. Ọmọ Ọ̀rẹ̀ ni bíi tèmi, bàbá rẹ̀ ń wa tírélà, inú gáréèjì ló sì gbé dàgbà. Ó ní tírélà bàbá òun dẹnu kọlẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín igbó, àwọn méjèèjì sì rìn títí àwọn fi dé abúlé tí àwọn ti rí omi mu. "Mi ò mọ̀ pé ìgbádùn ni nígbà yẹn o," ó ní. "Ìyà ni mo pè é."

Kẹ́mi, ọmọbìnrin kúkurú kan tó dàgbà sí Èkó tó ń ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́dọ̀ wa, ní òun ò ní ìtàn kankan. Ó ní kọnkéré ni gbogbo àgbàlá ilé àwọn, igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ti lánlọ́ọ̀dù ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "Òní ni ìgbà àkọ́kọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, tí ejò bá wà, kí ẹ tètè sọ fún mi nísinsìnyí kí n padà sílé."

Ó kàn mí. Mo ní, "Bọ́láńlé lorúkọ mi. Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Mo máa ń bá màmá bàbá mi rìn lọ sóko nígbà tí mo wà ní kékeré."

Dọ̀tun ń retí ìyókù. "Ṣé ó parí ni?"

"Ó parí."

"Bọ́láńlé," Síkírù ní, "ṣé wọ́n ń gba owó ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mi ò ní nǹkan sọ. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé mo máa ń fẹ́ẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò kí n tó sọ ọ́ jáde, Dọ̀tun kò sì fún wa láàyè tó bẹ́ẹ̀. Ilé ni mo ti kọ́ ìwà yìí. Ìyá mi ní ìsọ̀ kan nítòsí gáréèjì Ọ̀rẹ̀, níbi tó ti ń ta bisikíìtì, omi tútù, ọṣẹ àti oríṣiríṣi nǹkan tí arìnrìn-àjò lè gbàgbé sílé. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín Èkó àti Benin, ẹnu ìsọ̀ wa ló máa gbà kọjá. Ẹnì kan á ní afárá ti já. Ẹlòmíràn á ní ọkọ̀ ti jóná, kò ku ẹnì kan. Ìyá mi á fi ara balẹ̀ máa ka ṣéńjì rẹ̀, á wá béèrè pé, "Ṣé ẹ rí i, àbí wọ́n sọ fún yín?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìtàn náà á súnkì lójú ẹsẹ̀. Èmi náà kò bọ́. Tí mo bá ti ilé ìwé dé pé tísà kan lu ọmọ kan dákú, ìbéèrè yẹn náà ni màá kọ́kọ́ bá pàdé: "Ṣé o rí i, àbí wọ́n sọ fún ẹ?" Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ẹ́ kọ síbí, èyí tí mo rí ni. Níbi tí kò bá ti dá mi lójú, màá sọ bẹ́ẹ̀.

Pírámárì ni mo wà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọlidé Kérésì. Àkókò yẹn ni Ọ̀rẹ̀ máa ń kún jù. Bọ́ọ̀sì á tò láti orígun gáréèjì kan dé èkejì, èrò á máa sáré sọdá títì pẹ̀lú adìyẹ àti àpò ìrẹsì, ìyá mi kò sì ní ráyè wo ọ̀nà kó tún wo èmi. Ibi tó máa ń fi mí sí ni orí bẹ́ǹṣì kan lẹ́yìn káńtà, ó sì máa ń kìlọ̀ pé kí n má kúrò níbẹ̀. Mo ti jókòó síbẹ̀ ní ọlidé kan rí. Mo mọ gbogbo ohun tó wà lára ògiri yẹn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní Òndó tó sì ń wálé lópin ọ̀sẹ̀, ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bá ìyá òun ní Ajue. Bọ̀dá Káyọ̀dé, àbúrò bàbá mi, àbíkẹ́yìn wọn, ló fi ọ̀kadà wá gbé mi.

Ohun tí mo rántí lójú ọ̀nà náà kò pọ̀: eruku pupa, èéfín ibi tí wọ́n ti ń se epo, òórùn èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà, kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní níwájú ilé gbogbo. Ẹ̀yìn Bọ̀dá Káyọ̀dé ni mo rí jù. Ó ga púpọ̀. Tó bá fẹ́ẹ́ wọ ilé ìdáná Màmá Ajue, bí a ṣe ń pe ìyá bàbá mi, ó ní láti tẹ̀ bíi pé ó fẹ́ẹ́ kí ẹnì kan. Màmá Ajue fúnra rẹ̀ kò ga, kò sanra, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé yẹn. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ ọ́ kó dún bó ṣe máa ń dún lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà, mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá. Ẹni kẹta nínú ilé ni Àǹtí Fúnkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, tó sì ṣe bíi pé ogún ọdún ni.

Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, a gbàdúrà àárọ̀ tán, a kọjá sóko. Mo wọ sílípáàsì tí mo wọ̀ wá láti Ọ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà jìn, tàbí kí n sọ pé ó jìn lójú mi nígbà náà. A sọdá odò kékeré kan, a dé ìdí kùkùté ìrókò kan tó fẹ̀ tó tábìlì, ibẹ̀ ni nǹkan kan ti ta mí lẹ́sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Wọ́n bẹ̀ mí, mi ò dìde. Níkẹyìn, Bọ̀dá Káyọ̀dé gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún Àǹtí Fúnkẹ́, ó gbé mi sọ́rùn títí a fi dé oko.

Ẹni tó gbé apẹ̀rẹ̀ alápẹ̀rẹ̀ kò gbàgbé. Nígbà tí a ń jẹun lálẹ́, Àǹtí Fúnkẹ́ ní, "Ọmọ ẹ̀bá títì, ṣé ká bá ẹ pe ọ̀kadà lọ́la ni, àbí bọ́ọ̀sì lo fẹ́?"

"Fi í sílẹ̀," Màmá Ajue ní. Ó wá yíjú sí mi. "Bọ́láńlé, kòkó ti pọ́n, gbogbo wa là ń lọ sóko. Mi ò lè fi ọmọdé sílẹ̀ nílé ní òun nìkan. Káyọ̀dé ò sì lè gbé kòkó kó tún gbé ẹ. Tó ò bá lè rìn, á gbé ẹ padà lọ bá ìyá ẹ tó bá ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Kì í ṣe ìjà o."

Kì í-ṣe-ìjà-o yẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá sunkún, ǹ bá bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ kò ní ibi tí èèyàn lè dì mú láti bá a jiyàn. Mo ro bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn káńtà. Mo ro odò tí Àǹtí Fúnkẹ́ ti ní òun máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú akàn níbẹ̀, kó tó di pé ó bínú sí mi. Mo ro omi dídùn tó wà lára kòkó tútù, èyí tí mo ti lá lọ́jọ́ náà títí ètè mi fi lẹ̀. Mo pinnu pé màá rìn.

Mo rìn lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo rìn dé oko láìjókòó. Lọ́jọ́ kẹta bákan náà. Nígbà tí mo bá ń sá lẹ́yìn wọn kí n má baà jìnnà, Màmá Ajue á sọ láìbojú wẹ̀yìn pé, "Rọra máa bọ̀, oko ò ní sá lọ." Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ó ń sọ ọ́ fún Bọ̀dá Káyọ̀dé tó bá ń fi ìkánjú jẹun, ó sì sọ ọ́ fún pásítọ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kánjú àdúrà. Mo retí pé á sọ pé ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ̀ ti tán. Ọjọ́ ọjà sì ń bọ̀.

Torí pé ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Mo ṣàkíyèsí pé a kì í tò bákan náà lọ́nà. Láti ilé dé odò, Bọ̀dá Káyọ̀dé ló ń ṣáájú. Tí a bá sọdá, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Màmá á bọ́ síwájú. Ní ìdí kùkùté ìrókò, Màmá náà á yà, Àǹtí Fúnkẹ́ á wá ṣáájú wa wọ oko. Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ, wọn kì í sọ̀rọ̀ sí i. Èmi nìkan ni mi ò kúrò láàárín. Mo kọ́kọ́ rò pé ìṣọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ mi nítorí ejò. Lẹ́yìn náà ni mo rí aṣọ wọn. Ẹni tó bá ti wà níwájú, á tutù bíi pé òjò pa á. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló máa ń gbẹ. Aṣọ tèmi kì í tutù.

Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá nígbà tí a ń fọ́ kòkó. Ó ní ìrì ni. Koríko ti dí ọ̀nà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìrì á sì sẹ̀ sí i lára mọ́jú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ló máa gbọn ọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú igi àti pẹ̀lú ara rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbẹ dé oko. Òtútù sì ni lásìkò ọyẹ́. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń pín in, ẹnì kan kò lè dá a gbọn lójoojúmọ́.

"Èmi ńkọ́?"

Àǹtí Fúnkẹ́ ló dáhùn. "Ìwọ kẹ̀? Àlejò kì í gbọn ìrì. Ìrì á gbé ẹ mì."

Ohun tó sọ ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ti rí. Mo ti rò pé rírìn ni wọ́n ní kí n rìn. Mo rí i báyìí pé èèyàn lè rìn lójoojúmọ́ kó ṣì jẹ́ àlejò, bó bá ti jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń tutù nítorí rẹ̀. Bóyá ọmọdé tó tó mi nígbà yẹn lè ro gbogbo èyí tán, mi ò lè fi dá yín lójú. Ó lè jẹ́ pé àgbà tí mo dà ló ń bá a rò ó. Ohun tó dá mi lójú ni ohun tí mo sọ nígbà tí a ń múra láti kúrò nílé ní òwúrọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ẹ́ gbọn ìrì."

Àǹtí Fúnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Káyọ̀dé ní, "Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i." Màmá mú igi ọwọ́ rẹ̀, ó jáde.

A dé odò, Bọ̀dá Káyọ̀dé yà, Màmá ṣáájú. A dé ìdí kùkùté. Àǹtí Fúnkẹ́ ti ń ká ìró rẹ̀ mọ́ra láti bọ́ síwájú, ni Màmá bá na igi ọwọ́ rẹ̀ sí mi.

"Ó yá, Bọ́láńlé. Bọ́ síwájú."

Bí mo ṣe gbọ́ òórùn náà nìyẹn. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn èèyàn ni mo ti ń gbọ́ òórùn igbó. Òórùn aṣọ Màmá àti ti apẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti igbó. Koríko ga jù mí lọ. Mo fi igi lù ú, omi tútù sì rọ̀ lé mi lápá, lójú, lọ́rùn, ó ṣàn wọ inú aṣọ mi. Òwú aláǹtakùn lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ń tu itọ́, mo ń lu koríko, mo ń rìn. Eyín mi ń gbá ara wọn. Mi ò rò pé inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.

Oríta kan wà lójú ọ̀nà náà. Apá kan lọ sí oko wa, apá kejì lọ sí Omifunfun. Mo dé ibẹ̀, mo dúró. Ọ̀nà apá òsì ló fẹ̀ jù, ẹni tí kò bá mọ̀, òun ló máa gbà.

"Gba apá..." Àǹtí Fúnkẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Fúnkẹ́, pa ẹnu ẹ dé," Màmá ní.

Mo bi ara mi léèrè bí ìyá mi ì bá ṣe bi mí. Kí ni mo rí? Mo ti rí i pé ibì kan wà tí Bọ̀dá Káyọ̀dé ti máa ń tẹrí ba lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀ka obì kan tó rọ̀ sórí ọ̀nà. Mo wo òsì, kò sí ẹ̀ka. Mo wo ọ̀tún, mo rí i. Mo yà sí ọ̀tún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn mi, mo sì mọ̀ pé mo ti gbà á.

Nígbà tí mo já sí etí oko, níbi tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bo kòkó wà, mo yíjú padà kí wọ́n lè yìn mí. Èmi tí mo yíjú padà ni ẹnu yà. Ìrì ti rin gèlè Màmá, ó lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Omi ń kán ní etí Àǹtí Fúnkẹ́. Ti Bọ̀dá Káyọ̀dé ló burú jù: láti ìdodo lọ sókè, bíi pé wọ́n rì í sódò. Ìsàlẹ̀ wọn gbẹ fúrúfúrú.

Kò yé mi. Mo wo ara mi, mo wo wọn. Àǹtí Fúnkẹ́ ló là á yé mi, ó ń pariwo, "Ẹ wò ó! Ibi tó ga dé ló gbọn ọ́n dé! Ó gbọn tìsàlẹ̀, ó fi tòkè sílẹ̀ fún wa! Màmá, ẹ jẹ́ kó máa lọ bá ìyá ẹ̀ jàre!"

Òótọ́ ni. Koríko tó ga jù mí lọ, ìdí rẹ̀ nìkan ni igi mi ń bá. Orí rẹ̀ á mì díẹ̀, á dúró de ẹni tó ń bọ̀. Bí èèyàn ṣe ga tó ló ṣe tutù tó. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé igi dání, mo ti ń rí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn káńtà lójú mi.

Màmá Ajue tú gèlè rẹ̀. Ó fún un, omi ṣàn sílẹ̀. Ó wo Bọ̀dá Káyọ̀dé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín léjìká kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ ti igi kòkó kan.

"Káyọ̀dé," ó ní nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, "tó o bá dé Ọ̀rẹ̀ lọ́la, sọ fún ìyá ọmọ yìí kó fi bàtà òjò ẹ̀ ránṣẹ́. Sílípáàsì ò lè gbé e dé Kérésì."

Ó so gèlè tútù náà padà, ó mú àdá rẹ̀, ó wọ oko lọ. Bọ̀dá Káyọ̀dé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sá a sórí igi kòkó. Ó ní, "Adágbọn-má-dókè, ẹ káàárọ̀ o," orúkọ tó ṣì ń pè mí títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé kòkó lọ sí Ọ̀rẹ̀ láìsí èmi lẹ́yìn ọ̀kadà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mi ò rí i, òun ló sọ fún mi. Ó ní ìyá mi kò tètè fún òun ní bàtà náà. Ìyá mi ní, "Ọkọ mi, ṣé ẹ rí i pé ó ń rìn, àbí Màmá ló sọ fún yín?" Bọ̀dá Káyọ̀dé sì ní, "Ìyàwó wa, mo rí i, mo tún fi ìrì rẹ̀ wẹ̀." Bàtà náà dé lọ́jọ́ náà, ìyá mi ti ki bisikíìtì sínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Mo gbọn ìrì láti kùkùté dé oko ní gbogbo ìyókù ọlidé yẹn. Mo wá igi tó gùn, kí n lè bá orí koríko, ṣùgbọ́n ó wúwo jù mí lọ, ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi lù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba Àǹtí Fúnkẹ́ lórí, Màmá sì gbà á lọ́wọ́ mi. Mo padà sí igi kékeré. Ojoojúmọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tutù lẹ́yìn mi, ojoojúmọ́ ni Àǹtí Fúnkẹ́ ń ṣàròyé, síbẹ̀ tí a bá ti dé ìdí kùkùté, òun náà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà púpọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìfẹ́ ni. Ó lè jẹ́ pé ó kàn wù wọ́n kí ẹlòmíràn wà tí yóò máa jẹ òwú aláǹtakùn. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí Fúnkẹ́ lórí fóònù lọ́dún tó kọjá, ó ní èkejì ni. Ó tún ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sunkún lọ́nà oko, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mi ò rántí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n òun ló wà lẹ́yìn mi, ó lè jẹ́ òun ló rí i.

Gbogbo èyí ni mi ò sọ láàárọ̀ Sátidé yẹn. Nígbà tí a parí ìfira-ẹni-hàn, a gbéra. Ọ̀nà pupa náà dín, ó di ojú ẹsẹ̀, koríko sì pa á mọ́ lápá méjèèjì. Ìrì ń dán lára rẹ̀. Bàtà wa dára, àpò wa dára, ṣùgbọ́n mo rí i bí gbogbo wa ṣe ń falẹ̀. Síkírù ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀. Dọ̀tun ń wo fóònù. Kẹ́mi ní, "Ta ló ń ṣáájú báyìí?"

Mo ṣẹ́ igi kan, mo bọ́ síwájú.

Òórùn náà wà níbẹ̀, bó ṣe wà nígbà náà. Omi tútù wọ̀ mí lọ́rùn. Mo tu òwú aláǹtakùn jáde lẹ́nu. Ohun tó yàtọ̀ ni pé apá mi bá orí koríko báyìí láìjẹ́ pé mo na ara. Mo fẹ́ẹ́ sọ pé ọmọ ọjọ́ yẹn nígboyà jù mí lọ, torí pé òun kò mọ ibi tí òtútù náà máa dé kó tó béèrè fún un, èmi mọ̀. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí wọ́n kà á kún. Èmi tí mo ṣáájú lọ́jọ́ Sátidé, mi ò wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ń kà mí kún. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ni mo ń wò.

Ọ̀sán ni mo padà dé ìsọ̀ ìyá mi. Màmá Ajue ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀rẹ̀ báyìí, orúnkún rẹ̀ kò gba ọ̀nà oko mọ́. Orí bẹ́ǹṣì àtijọ́ yẹn ló jókòó sí, wọ́n ti gbé e síta kó lè máa wo àwọn èrò. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó fọwọ́ pa apá aṣọ mi, èyí tí kò tíì gbẹ tán, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

"Ta ló wà lẹ́yìn ẹ?"

"Ọmọbìnrin kan ni, Màmá. Ọmọ Èkó. Kò ga."

"Ṣé ó gbẹ?"

"Ó gbẹ, Màmá. Orí rẹ̀ pàápàá gbẹ."

Ìyá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn káńtà láìgbójú sókè. "Ṣé o rí i, àbí ó sọ fún ẹ?"

"Mo rí i, Mọ́mì. Mo fọwọ́ kàn án."